Owó Sọ́kàwéè Tí A Kò San Nílé, A Ó San Án Ní Ilé Ìwòsàn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí oúnjẹ. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹun yín tán ná, kí ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa, kí ẹ tó máa bá mi bọ̀. Ọ̀rọ̀ sọ́kàwéè ni. A kì í fẹ́ sọ ọ́ lójú àlejò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í lò ó, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe tálákà.

Ní dìsípẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, irú òwúrọ̀ kan wà tí mo máa ń bẹ̀rù. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn òjò ńlá ni. Àwọn ìyá á ti jókòó tò lórí bẹ́ǹṣì kí n tó dé, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́. Ìgbẹ́ gbuuru ni ti èyí, èébì ni ti ìyẹn, ti ẹlòmíràn sì ni ibà tí kò lọ láti ọjọ́ mẹ́jọ. Bí mo bá ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn sínú ìwé, mo máa ń rí i pé àdírẹ́sì ilé kan ṣoṣo ni ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin ń pè fún mi. Nígbà náà ni mo máa ń gbé bírò sílẹ̀, tí mo sì máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: "Omi wo lẹ ń lò nílé? Ìgbà wo lẹ kó sọ́kàwéè yín kẹ́yìn?"

Ìbéèrè kìíní, wọ́n á dáhùn kíá: "Omi kànga ni, Nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó mọ́ gaara." Ti èkejì, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Ọ̀kan á ní láti ìgbà tí òun ti dé ilé náà, òun kò tíì rí ọkọ̀ akógbọ̀nsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òmíràn á rẹ ohùn sílẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, bí òjò bá ti ń rọ̀ lóru, baba onílé a máa ní kí wọ́n ṣí i sí gọ́tà."

Èrò tèmi ni pé owó tí a ń sá fún, owó tí ó yẹ kí a fi kó sọ́kàwéè kí a sì fi tún un ṣe, kò sá lọ síbì kankan. Ó kàn ṣáájú wa lọ sí ilé ìwòsàn ni, ó ń dúró dè wá níbẹ̀, yóò sì ti bímọ kí a tó dé. Ilé tí ó bá gbọ́n, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa san án kí kòtò tó kún.

Kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé Nọ́ọ̀sì dúró sókè ó ń bá ará ìsàlẹ̀ wí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ná. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, inú ilé olójúlé mẹ́wàá kan ní àdúgbò wa yìí ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Iyàrá méjì ni tiwa, ọmọ méjì ni a ní. Lọ́jọ́ kan, màmá kan tí ó ti pẹ́ jù wá lọ nínú ilé náà ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń gba owó tí a ó fi pe ọkọ̀ akógbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí ó sọ iye tí ojúlé kọ̀ọ̀kan yóò dá, mo ní kò tọ́. Mo ní àwa mẹ́rin péré ni a wà lójúlé tiwa, kí ló dé tí a ó fi dá iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó kó ènìyàn mẹ́sàn-án sínú iyàrá kan? Mo tún ní iṣẹ́ onílé ni, kì í ṣe iṣẹ́ ayálégbé. Onílé ní tirẹ̀ ní òun kọ́ ni òun ń yàgbẹ́ sínú rẹ̀. Ẹnu mi dá ṣáṣá lọ́jọ́ náà. Àwọn yòókù gbọ́, àwọn náà fi owó wọn sápò. Màmá náà dá owó olówó padà, ó wò mí títí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwọ gan-an ni mo gbójú lé pé yóò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn."

Oṣù kẹfà kò tíì parí tí òjò fi dé. Omi kún àgbàlá, kòtò sì tú. Omi dúdú gba etí ìdérí rẹ̀ jáde, ó ń ṣàn lọ sí ẹ̀bá kànga tí gbogbo wa ń fà. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ tí ó dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú rẹ̀ ti wọnú, bí mo bá sì fi ìka fa awọ ikùn rẹ̀, kò tètè padà sí ipò rẹ̀. Èmi tí mo ti tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ láìmọye, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọlọ́run yọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wà ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń fa omi sí i lára. Ọmọ ojúlé tí ó kángun sí tiwa kò yè é.

Ìyá ọmọ náà kò bá mi jà, nítorí kò mọ̀ pé ẹnu mi ni ó tú ìdáwó náà ká. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Owó tí mo kọ̀ láti dá, mo san ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, n kò sì rí ẹni bá rojọ́ pé ènìyàn mẹ́rin péré ni wá. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o. N kò gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa máa ń sọ ìtàn àwọn agbépòó fún wa. Ní Èkó àtijọ́, korobá ni ó ń bẹ lábẹ́ ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lóru ni agbépòó ń wá, á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, á gbé korobá sórí, á sì gbé e lọ. Àwọn wolé-wolé náà ń bẹ nígbà náà, tí wọ́n ń yẹ àmù wò, tí wọ́n ń yẹ kànga wò, tí wọ́n sì ń yẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò. Nígbà tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi dé, a rò pé a ti bọ́. A fa omi sí i, ó lọ, ó tán lójú wa. Ṣùgbọ́n níbo ni ó lọ? Ní FESTAC, tí ìjọba kọ́ fún àjọ̀dún ọdún 1977, wọ́n ri páìpù ńlá mọ́lẹ̀ tí yóò máa gba ìgbọ̀nsẹ̀ ilé gbogbo lọ síbi kan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú Èkó kò ní irú páìpù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a fi omi lé lọ kò kúrò nínú ọgbà wa. Ẹ̀yìn iyàrá wa ni ó wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe gbogbo rẹ̀ ní sọ́kàwéè, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni. Ti àkọ́kọ́ ni táǹkì tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú kí ó má baà jò. Inú rẹ̀ ni ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Èyí tí ó wúwo á rì sísàlẹ̀, á di ẹrẹ̀ dúdú. Ọ̀rá àti ìdọ̀tí fífúyẹ́ á léfòó. Omi á wà láàárín. Àwọn kòkòrò tí ojú wa kò lè rí á máa jẹ ẹrẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Omi àárín yìí nìkan ni ó yẹ kí ó gba páìpù lọ sínú kòtò kejì, èyí tí a kó òkúta sí, tí a kò rẹ́ nísàlẹ̀, kí ilẹ̀ lè máa mu omi rẹ̀. Kòtò kejì yìí ni sọ́kàwéè gan-an.

Bí ẹrẹ̀ bá pọ̀ jù nínú táǹkì, omi kò ní rí àyè dúró kí ó tòrò. Ẹrẹ̀ á bá omi lọ sínú sọ́kàwéè, á sì dí ojú ilẹ̀ pa, bí ìgbà tí ògì bá dí ojú asẹ́. Sọ́kàwéè tí ó bá ti dí báyìí, a lè kó táǹkì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní mu omi bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Òmíràn ni a ó gbẹ́. Nítorí náà, onílé tí ó bá ń ṣọ́ owó ọkọ̀, owó kòtò tuntun ni ó ń fi pamọ́ de bíríkìlà.

Ẹ tún wo ibi tí a wà. Òtò kò jìnnà sí ọ̀sà. Ilẹ̀ wa rẹlẹ̀, bí a bá sì gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi ti yọ. Ní ìgbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ á gòkè. Sọ́kàwéè tí ó yẹ kí ilẹ̀ máa mu omi rẹ̀, omi ilẹ̀ ni yóò máa wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ilé tí kò ní wàhálà kankan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lè rí ìgbọ̀nsẹ̀ tí ń padà bọ̀ nínú ilé nígbà òjò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó táǹkì rẹ̀, kí ó kó o kí òjò tó dé.

Ọ̀rọ̀ kànga ni ó kàn. Àwọn onímọ̀ ìlera a máa gbà wá níyànjú pé kí ó tó mítà 30, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100, láàárín kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ àti kànga. Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò. Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan tí ó pé, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ni, ẹlòmíràn sì rèé, ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ni ó rà. Níbo ni ẹsẹ̀ bàtà 100 yóò ti jáde? Bí a bá tilẹ̀ fi kòtò tiwa sí iwájú ilé, tí a fi kànga sí ẹ̀yìn, kòtò aládùúgbò lè fara ti ògiri ọgbà wa ní ẹ̀yìn náà. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ògiri, kò sì mọ orúkọ tí ó wà nínú ìwé ilẹ̀. Ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, olùkọ́ wa sọ ìtàn kan fún wa nípa Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ìlú náà kò tíì ní páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó dára, tí ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ní kòtò tirẹ̀ bí àwa ti ní i lónìí. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó pa ju 600 ènìyàn lọ. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìgbà náà gbà pé òórùn búburú ni í fa àrùn náà. Dókítà John Snow ní rárá, ó ní omi ni. Ó ń béèrè ibi tí àwọn tí ó kú ti ń pọn omi, ó sì rí i pé pọ́ǹpù kan ní òpópó Broad Street ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ pọ́ǹpù náà kúrò.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ba omi náà jẹ́? Àlùfáà ìjọ kan, Henry Whitehead, ni ó wá a rí. Ní ilé nọ́ńbà 40, tí ó kángun sí pọ́ǹpù náà, ọmọ ọwọ́ kan ti ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru kí àrùn náà tó gbilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fọ ìlédìí rẹ̀, ó sì ń da omi rẹ̀ sínú kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ilé, gẹ́gẹ́ bí ìyá kankan ti lè ṣe. Nígbà tí wọ́n hú ibẹ̀ wò ní ọdún 1855, wọ́n rí i pé bíríkì kòtò náà ti jẹrà, omi rẹ̀ sì ń jò. Kòtò náà kò tó mítà kan sí kànga tí pọ́ǹpù ń fa omi rẹ̀. Ọmọ náà kú, baba rẹ̀ tí ó jẹ́ ọlọ́pàá náà sì kú. Ẹnikẹ́ni kò fi ìkà bu májèlé sínú omi. Kòtò tí ó jẹrà, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò, ni.

Ẹ má sì wí pé ìtàn àtijọ́ òyìnbó ni. Ní ọdún 1991, onígbáméjì pa ju 7,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tún kéde pé ó ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Onígbáméjì nìkan kọ́ sì ni ó ń gba ọ̀nà yìí wọlé. Ibà táífọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn wà níbẹ̀, aràn inú àwọn ọmọ wa náà wà níbẹ̀.

Ó kù kí n sọ ohun tí kálukú lè ṣe.

Èkíní, ẹ mọ àmì rẹ̀. Bí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò bá tètè lọ mọ́, tí ó ń ró gburugburu nínú páìpù. Bí òórùn bá ń jáde láti ibi ìwẹ̀. Bí ilẹ̀ orí kòtò bá ń rin nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bí koríko ibẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀ ju ti ibi yòókù lọ, kòtò ń ké sí yín ni. Ẹ má dúró kí ó fi agbára jáde.

Èkejì, ẹ má sọ ọ́ di ààtàn. Páàdì obìnrin, páḿpásì ọmọ, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, àkísà, iyanrìn, eérú, ọ̀rá ọbẹ̀ àti epo tí a fi dín nǹkan, kò sí èyí tí ó gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Àwọn kan a máa da Izal gálọ́ọ̀nù gálọ́ọ̀nù sí i, wọ́n rò pé àwọn ń ṣe ìmọ́tótó. Àwọn kòkòrò tí ń bá yín jẹ ẹrẹ̀ ni ẹ ń pa. Díẹ̀ tí a fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti tó. Kò sì sí kẹ́míkà tí yóò rọ́pò ọkọ̀ akógbọ̀nsẹ̀, ohun yòówù kí ẹni tí ń tà á sọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ dín omi kù. Táǹkì kékeré orí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ń jò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tọ̀sán tòru, omi tí ó ń dà sínú sọ́kàwéè pọ̀ ju èyí tí gbogbo ilé fi ń wẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ẹ pe pọ́ḿbà kí ó pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Omi òjò orí páànù pẹ̀lú, gọ́tà ni kí ó gbà lọ, kò gbọdọ̀ wọ inú kòtò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi ojú díwọ̀n ìgbà tí ẹ ó kó o. Ilé tí ìdílé kan ń gbé lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ilé olójúlé mẹ́wàá kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà á so aṣọ funfun mọ́ igi gígùn, á tì í bọ inú táǹkì láti ẹnu ihò kékeré rẹ̀, á sì fà á jáde. Ibi tí ẹrẹ̀ dúdú dé lára aṣọ ni yóò fi mọ iye rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta jíjìn omi inú rẹ̀, ó tó kó.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ máa tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kó o tán, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà dúró lókè, kí ó fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀: ṣé ògiri ti là, ṣé páìpù ìwọlé àti páìpù ìjáde ṣì dúró déédéé? Ẹ pààrọ̀ ìdérí tí ó bá ti sán, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà jìn sí i. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo orí páìpù afẹ́fẹ́, nítorí inú táǹkì wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀fọn tí ń kùn sí wa létí lóru ti ń wá.

Ẹ̀kẹfà, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú kòtò náà. Ìbáà ṣófo, ìbáà jẹ́ pé fóònù ni ó bọ́ sí i. Afẹ́fẹ́ burúkú ń bẹ nínú rẹ̀ tí ó lè dá ènìyàn wólẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó ké. Imú kò lè ṣọ́ni, nítorí bí afẹ́fẹ́ náà bá pọ̀, òórùn rẹ̀ kì í gbọ́ sí ni létí imú mọ́. Ẹnìkan á wọlé, á ṣubú; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á bẹ́ sí i láti yọ ọ́, òun náà á ṣubú; ọ̀rẹ́ wọn á tẹ̀lé e. Báyìí ni kòtò kan ṣe ń pa ẹni mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Bí ẹnìkan bá jìn sí i, ẹ ké pe panápaná lórí nọ́ńbà 112, ẹ ju okùn sí i bí ó bá ṣì ń mí, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀lé e wọlé. Ẹ má sì ṣá ìṣáná tàbí mu sìgá níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí ń gbaná.

Wàyí o, ta ni yóò san owó rẹ̀? Níbí ni ìjà ti ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Èrò tèmi nìyí. Ẹni tí ó ni ilé ni ó ni ògiri, páìpù àti ìdérí. Òun ni kí ó máa tún un ṣe, nítorí lára ilé tí ó ń gba owó lé lórí ni. Ẹni tí ó ń lò ó ni ó ni ìkó rẹ̀, bí baba onílé bá sì ń gbé nínú ilé náà, kí òun náà dá tirẹ̀. Kí a dá a ní iye orí, kí ó má ṣe jẹ́ iye ojúlé. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn lọ́jọ́ náà kò burú. Ohun tí ó burú ni pé mo fi í dá iṣẹ́ dúró, nígbà tí ó yẹ kí n dá tèmi ná kí a tó jókòó sọ ọ́.

Ẹ má dá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀yìn kò ní gbà á. Ẹ sọ ọ́ di àjọ, kí kálukú máa dá díẹ̀ lóṣooṣù. Kí ẹnìkan tí a fọkàn tán máa gbà á, kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ wá àti iye tí ó gbà sí. Nílé tí mo ń gbé nísinsìnyí, èmi ni mo ń gba owó náà. Àwọn kan a máa rojọ́ sí mi lára bí mo ti rojọ́ sí màmá yẹn lára. Mo máa ń dákẹ́ títí wọn ó fi rò ó tán, lẹ́yìn náà n ó na ọwọ́ mi.

Ẹ̀yin baba onílé tí ẹ ń ṣí kòtò sí gọ́tà lóru òjò, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe pé ẹ ń kó o, ẹ ń pín in fún àdúgbò ni. Gọ́tà kan náà ni àwọn ọmọ wa ń fò kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀bá rẹ̀ ni aláàkàrà ń dáná sí. Omi rẹ̀ á sì tún wá ọ̀nà padà sínú kànga yín.

Ìjọba náà ní ìpín tirẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn ọkọ̀ fi da ìgbọ̀nsẹ̀ sínú ọ̀sà ní etí omi Ìddó, tí kò jìnnà sí wa. Bí a bá san owó kó o kúrò lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n wá lọ dà á sínú omi tí a ti ń pẹja, ọ̀nà ni ó jìn sí i díẹ̀, kò tíì lọ. Ẹ bi ọlọ́kọ̀ ní ibi tí ó ń gbé e lọ, ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìjọba pẹ̀lú kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa sọ ọ́ di aláìléwu, kí ó sì jẹ́ kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, nítorí bí ibi tí ó tọ́ bá wọ́n jù, ọ̀sà kì í gba owó.

Títí a ó fi débẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi kànga, ẹ sè é kí ó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún, bí ó ti wù kí ó mọ́ lójú tó. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ má fi omi dù ú. Ẹ wá omi líta kan tí a ti sè tí ó ti tutù, ẹ fi ṣúgà síbí tíì kékeré mẹ́fà tí a gé lórí dọ́gba sí i, pẹ̀lú iyọ̀ ààbọ̀ síbí kan náà. Ẹ pò ó, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn. Bí ìgbẹ́ náà bá dà bí omi ìrẹsì, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé yìí, kí òjò tó dé, ẹ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ wo ìdérí, ẹ gbọ́ òórùn, ẹ wọn ibi tí kànga wà sí kòtò tiyín àti sí ti aládùúgbò. Lẹ́yìn náà, ẹ kan ilẹ̀kùn ara yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ náà. Bí ẹnìkan bá ní iṣẹ́ ẹlòmíràn ni, ẹ ní Nọ́ọ̀sì ní Òtò ní kí ẹ kí i, òun náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí.